Máàkì Ọmọ Mọ́kàndínlógójì

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ tán ni máṣíìnì ìránṣọ ti ń pariwo nínú pálọ̀. Yunifọ́ọ̀mù ni ìyá Tíṣà Kékeré ń rán, gbogbo rẹ̀ aláwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ti ilé-ìwé kan ṣoṣo. Ó ti kó wọn jọ sórí àga, sórí tábìlì, sórí tẹlifíṣọ̀n, débi pé ẹni tó bá fẹ́ jẹun nínú ilé náà, ìdúró ni yóò jẹ ẹ́. Lókè ògiri ni pátákó tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ wà: ORÚKỌ RERE SÀN JU WÚRÀ ÀTI FÀDÁKÀ LỌ. Káfíńtà ni bàbá, ó sì tún jẹ́ díkónì nínú ìjọ tó ni ilé-ìwé yẹn. Gbogbo Sátidé ló máa ń fi aṣọ nu eruku ara pátákó náà.

"Fọ́ọ̀mù yẹn ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ tí ìyá kọ́kọ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ láàárọ̀ nìyẹn.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ó wà nínú báàgì mi."

"Òní ni wọ́n máa sáìnì ẹ̀?"

"Òní náà ni, Mà. Ó gbọ́dọ̀ dé kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́la kí aago mẹ́sàn-án tó lù."

Tíṣà Kékeré ni gbogbo ọgbà ń pe ọmọbìnrin yìí, nítorí kò tíì di tíṣà gidi. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ló wà, wọ́n sì ti rán an lọ sí ilé-ìwé ìjọ láti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Sípéènì. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà bá pé, ọ̀gá ilé-ìwé yóò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ̀ pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí kò bá buwọ́ lù ú, Tíṣà Kékeré yóò tún odidi ọdún náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò sì san owó ọdún mìíràn? Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ti ń wú nídìí máṣíìnì.

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí Màmá Ọ̀gá ti ń sọ pé lọ́la, lọ́la," ni ìyá wí, kò sì gbé ojú kúrò lára aṣọ. "Kí lo ṣe fún wọn?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, Mà."

"Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn. O ò ṣe nǹkan kan."

Bàbá jáde láti yàrá níbi tó ti ń gbàdúrà. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé Olúwa lọ́wọ́. Ìyá fi eyín gé òwú, ó ní, "Olúwa kọ́ ló ń sáìnì fọ́ọ̀mù, Bàbá Tíṣà." Ọkùnrin tó máa ń dákẹ́ ni bàbá, àwọn èèyàn sì máa ń pe ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ìwà pẹ̀lẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ẹnìkan fi kígbe lẹ́nu ọ̀nà pé, "El Señor es mi pastor!"

Màmá Alágbàfọ̀ ni, tí ilé rẹ̀ kò ju ògiri kan lọ sí tiwọn. Ó gbé kóòtù funfun bàbá dání, èyí tí bàbá máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó gún régé bíi pé èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀. Gbogbo àárọ̀ ló ń kí Tíṣà Kékeré báyìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Afínjú nítorí pé kò sí yunifọ́ọ̀mù tó mọ́ tó tirẹ̀ nínú kíláàsì, ló kọ́ ọ. Ilé-ìwé ti sọ fún àwọn ọmọ pé bí a ṣe ń kí àlejò ní Sípéènì nìyẹn. Afínjú kọ́ ìyá rẹ̀, ìyá náà sì fi ń kí gbogbo àdúgbò, ó fi ń kí àwọn oníbàárà, ó fi ń kí ẹni tó ń ta búrẹ́dì.

Kì í ṣe ìkíni rárá. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Tíṣà Kékeré la ẹnu láti sọ fún un, ṣùgbọ́n ó wo bí inú obìnrin náà ti dùn tó, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti kí i, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì fi Sípéènì kí i káàárọ̀ pé, "Buenos días, Mà."

"Ẹ bá mi sáìnì," ni Màmá Alágbàfọ̀ wí, ó sì ṣí ìwé rẹ̀. Kò sí aṣọ tó ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹni tó gbà á kò ní buwọ́ lu ìwé yẹn. Tíṣà Kékeré ló máa ń buwọ́ lù ú fún ilé tiwọn: ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ta kókó lẹ́ẹ̀kan, tó sì gbé ìrù sókè bíi ti ológbò. Bí ó ti ń kọ ọ́, ojú rẹ̀ bọ́ sára ọwọ́ obìnrin náà. Oògùn ìfọṣọ ti jẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, awọ sì ń bó ní gbogbo oríkèé ìka.

"Owó èdè tí mò ń san yẹn, kò dùn mí o," ni Màmá Alágbàfọ̀ wí. "Ọmọ mi á lè bá ẹni tí èmi ò lè bá sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ ṣeun o, Tíṣà wa."

Nígbà tó lọ tán, ìyá rẹ́rìn-ín sábẹ́ imú. "Ẹ ò rí obìnrin yìí bí! Sípéènì!" Ó sì tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ.

*

Màmá Ọ̀gá ń jẹun nígbà tí Tíṣà Kékeré wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Búrẹ́dì ni àti ẹyin díndín, òróró sì ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Rédíò kékeré ń kọ orin ìjọ lórí fèrèsé. Ó ní, "Jẹ́ ká gbàdúrà ná," ó di ojú, ó sì gbàdúrà pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tó bá dé orí orúkọ Jésù ni èérún búrẹ́dì ń fò jáde sórí tábìlì. Tíṣà Kékeré kò lè di ojú tirẹ̀. Èérún náà ló ń wò.

"Àmín. Wò ó, jókòó." Màmá Ọ̀gá ti òkìtì ìwé kan sí i níwájú. Ìwé èsì ìdánwò ni, mọ́kàndínlógójì, ti gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀. Wọ́n ti kọ máàkì gbogbo iṣẹ́ yòókù sí i, Sípéènì nìkan ló ṣófo. "Kọ máàkì tìẹ sí i. Sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí o sì sáìnì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí àwọn alábẹ̀wò ìjọ ń bọ̀ lọ́la, ọwọ́ tíṣà ni wọ́n fẹ́ rí. Àwọn òbí á gba ìwé wọn lónìí tí wọ́n bá wá kó àwọn ọmọ, wọ́n á sì dá a padà láàárọ̀."

"Sáà mẹ́ta, Mà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo lò níbí."

"Mo mọ̀."

"Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, ẹ ní kí wọ́n máa fi wákàtí Sípéènì to àga fún àjọ̀dún. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí wọn kọ́."

"Mo mọ̀, mo ní." Ó lá àtàǹpàkò rẹ̀. "Tíṣà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sá lọ láti ọdún tó kọjá. Ṣé ká wá sọ fún àwọn òbí pé kò sí Sípéènì? Orúkọ Sípéènì ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ mú ọmọ wá. Má fún ẹnikẹ́ni ní ohun tó kéré sí ọgọ́ta. Ọmọ pásítọ̀, fún un ní àádọ́rùn-ún."

"Ṣé wọ́n ṣì ń gba owó èdè lọ́wọ́ wọn, Mà?"

Màmá Ọ̀gá wò ó bí ẹni tó rí irun nínú oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá ẹ ń bá wa rán aṣọ dáadáa. Mo fẹ́ràn bó ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ. Bá mi kí i." Ó wá ohun tí yóò fi nu ọwọ́, kò rí i, ó sì fa ìwé kan láti ìsàlẹ̀ òkìtì náà, ó fi nu òróró. Ìwé èsì ọmọ kan ni. Ó tẹ́ ẹ padà síbi tó wà.

Ohun tó ta Tíṣà Kékeré lára jù nìyẹn. Ó ti mọ̀ pé èèyàn lè purọ́. Kò mọ̀ pé èèyàn lè purọ́ kó sì tún máa yó.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ wọn, Mà. Kí n fún wọn ní ohun tí wọ́n mọ̀."

"Lọ gbọ́ wọn. Wákàtí kan lo ní."

*

Mọ́kàndínlógójì wọn ló dìde pa pọ̀ nígbà tó wọlé. Ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó jókòó síwájú jù, ó bi í ní Sípéènì kí ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé àyà síwájú, ó ní, "El Señor es mi pastor," kíláàsì sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbogbo wọn ń ké e bí agogo, títí wọ́n fi kà á dé òpin. Wọ́n jókòó. Wọ́n ń dúró kó pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ó bi ẹlòmíràn ní ọdún mélòó ló jẹ́. Ohun kan náà. Ó ní kí ọmọ kẹta dá nìkan sọ ọ́, kí àwọn tó kù dákẹ́. Ọmọ náà kò rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ń wo ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, omi sì lé ròrò sí ojú rẹ̀.

Afínjú na ọwọ́ sókè. "Tíṣà, ẹ dákun. Kí là ń sọ?"

"Báwo?"

"Ohun tí à ń kà yẹn. Kí ló ń sọ?"

Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí, àní lára àwọn àgbà pàápàá. Ó ní, "Sáàmù kẹtàlélógún ni. Olúwa ni olùṣọ́-àgùntàn mi, èmi kì yóò ṣe aláìní."

"Èyí tí a mọ̀ láti ilé?"

"Òun náà ni."

"Kì í ṣe ìkíni?"

"Rárá."

"Màmá mi fi ń kí èèyàn," ni Afínjú wí. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá tábìlì. Afínjú kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í na etí kọ́là rẹ̀ tó ti nà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Tíṣà Kékeré padà sí ọ́fíìsì, ó kó ìwé èsì náà lélẹ̀ bó ṣe kó wọn lọ, kò sí ohun tó kọ sí ọ̀kankan. "Mi ò lè kọ ọ́, Mà. Wọn ò mọ nǹkan kan, a ò sì kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká sọ fún àwọn òbí wọn."

Ó rò pé obìnrin náà yóò pariwo. Màmá Ọ̀gá ń fi igi tín-ín-rín ta eyín ni. Ó na ọwọ́, ó ní kó mú fọ́ọ̀mù tirẹ̀ wá. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó fi fọ́ọ̀mù náà sí i, ó sì tì í.

"Èmi náà ò lè kọ tìẹ," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Jẹ́ ká gbàdúrà."

*

Ìrẹsì àti ẹja ni ìyá gbé kalẹ̀ nígbà tó délé ní ọ̀sán gangan. Ó fi ìdúró jẹ ṣíbí méjì, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Máṣíìnì dákẹ́.

"Ta ni máàkì pa rí?" ni ìyá bi í. "Dá mi lóhùn. Ta ni máàkì kọ́ lẹ́sẹ̀ tó ṣubú kú?"

"Màmá, Màmá Alágbàfọ̀ ń sanwó fún un."

"Ṣé ìwọ lò ń gbà á? Yunifọ́ọ̀mù ọgọ́fà ni mo ti gé, ọgọ́fà! Bí obìnrin yẹn bá ní òun ò gbà á mọ́, ṣé Màmá Alágbàfọ̀ ló máa wọ̀ ọ́? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ fi ẹsẹ̀ júwe tìẹ!"

Fèrèsé ṣí sílẹ̀, ìdí ẹ̀rọ omi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi ti dẹ́kun ariwo kí wọ́n lè gbọ́ràn. Ọ̀kan ní, "Wọ́n ti lé Tíṣà Kékeré." Èkejì ní, "Ìwé àpọ̀jù ni. Ìwé àpọ̀jù kì í jẹ́ kí ọmọ gbọ́n." Ẹ̀kẹta ní ọmọ òun náà wà nínú kíláàsì yẹn, ọmọ òun sì gbọ́ Sípéènì bí ẹyẹ. Tíṣà Kékeré ti fèrèsé náà.

Bàbá jẹ ẹja rẹ̀ kan egungun, ó fọ ọwọ́, ó dé fìlà, ó sì fi bírò sí àpò àyà.

"Mò ń lọ bẹ̀ wọ́n," ni ó wí.

"Ẹ lọ," ni ìyá dáhùn. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ó pẹ́ kó tó dé. Aago mẹ́rin ti lù, àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń wọlé pẹ̀lú ìwé èsì wọn, nígbà tí bàbá wọlé tó sì tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì lábẹ́ pátákó tó gbẹ́. Wọ́n ti buwọ́ lù ú. Ibi tí wọ́n kọ "Ìmọ̀ iṣẹ́" sí, Màmá Ọ̀gá kọ "Ó tayọ." Ibi tí wọ́n kọ "Ìwà òtítọ́" sí, ó kọ "Ó tayọ." Àmì ìka tí òróró kùn wà ní igun ìwé náà.

Ìyá na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó yí po láàárín yunifọ́ọ̀mù, ó ń dúpẹ́. Tíṣà Kékeré kò wo fọ́ọ̀mù mọ́. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ń wò. Yíǹkì bírò ti kun ìka méjì, ó sì ń fi ọwọ́ kejì ra ọrùn ọwọ́ náà bí ẹni tó fi ayùn gé pákó láti àárọ̀.

"Bàbá, kí lẹ ṣe?"

"Mo bẹ̀ wọ́n."

"Kí lẹ ṣe, Bàbá?"

Bàbá yọ fìlà. "Orúkọ ẹ, orúkọ mi ni," ni ó wí. "Èmi ni mo fún ẹ."

Ìyá dẹ́kun ijó, ṣùgbọ́n kò béèrè ohunkóhun. Ó jókòó, ó fa aṣọ kan sábẹ́ abẹ́rẹ́, kò sì tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, inú ń bí mi sí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju irọ́ Màmá Ọ̀gá lọ.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Kò sí "El Señor." Màmá Alágbàfọ̀ wọlé, Afínjú tẹ̀ lé e. Ìwé èsì wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, ìwé tí àwọn oníbàárà máa ń buwọ́ lù sì wà ní èkejì. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí bàbá, ó sì tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì, ní ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀mù.

"Ẹ má bínú, Tíṣà," ni ó wí. "Ọmọ yìí gba méjìlélọ́gọ́rin. Inú mi dùn, àmọ́ ó ní ẹnikẹ́ni ò dán àwọn wò. Mo ní irọ́ ló ń pa, mo fẹ́ẹ́ nà án. Ni mo bá wo ibi tí ẹ sáìnì sí." Ó fi ìka bíbó rẹ̀ lé ìwé èsì. Orúkọ náà dúdú, ó wúwo, bírò tẹ ìwé débi pé ó fẹ́ẹ́ lu. Ó tún fi ìka lé ìwé tirẹ̀, sórí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé ìrù sókè. "Èmi ò kàwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ àwọn oníbàárà mi. Ẹni tó bá fẹ́ gba aṣọ tí kì í ṣe tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mú un. Èwo ni tiyín?"

"Ó ń kánjú ni," ni ìyá yára sọ. "Mọ́kàndínlógójì ló sáìnì, ọwọ́ á ro èèyàn."

Màmá Alágbàfọ̀ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dúró de Tíṣà Kékeré. Fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, kò jìnnà sí ọwọ́ ọmọbìnrin náà. Ohun kan ṣoṣo ni kó sọ pé "Èmi ni," lọ́la fọ́ọ̀mù á dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, yóò di tíṣà gidi, máṣíìnì yóò sì máa lọ.

Ó fi ìka lé ìwé alágbàfọ̀. "Èyí nìkan ni tèmi, Mà."

Màmá Alágbàfọ̀ wo fọ́ọ̀mù náà, ó wo yunifọ́ọ̀mù tó kún ilé, ojú rẹ̀ rìn dé orí ìka bàbá tí yíǹkì kùn, ó sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá ki ọwọ́ náà sí àpò.

"Ọmọ yìí tún ní ohun tí mo fi ń kí yín láàárọ̀ kì í ṣe ìkíni. Kí ni?"

"Olúwa ni olùṣọ́-àgùntàn mi," ni Tíṣà Kékeré wí, "èmi kì yóò ṣe aláìní."

"Èmi kì yóò ṣe aláìní." Obìnrin náà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ẹ sì ń dá mi lóhùn. Lójoojúmọ́ ni mo ń kí yín, ẹ sì ń dá mi lóhùn."

Òótọ́ ni. Ojú ti Tíṣà Kékeré débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Màmá Alágbàfọ̀ kó ìwé rẹ̀ méjèèjì. Ó ṣí ìwé àwọn oníbàárà, ó ń yí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. "Ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì yẹn?"

"Mọ́kàndínlógójì, Mà."

"Ìyá mẹ́rìndínlógún nínú wọn wà nínú ìwé yìí. Gbogbo wọn ló mọ ọwọ́ ara wọn, wọ́n á sì mọ èyí tí kì í ṣe tiyín bí wọ́n bá rí méjèèjì pa pọ̀." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà. "Tí mo bá dá lọ, wọ́n á ní alágbàfọ̀ lásán ni. Ṣé ẹ máa bá mi lọ?"

Tíṣà Kékeré wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ òkìtì aṣọ. Afínjú ló bá a fa ẹsẹ̀ kan jáde. Níta, ní ìdí ẹ̀rọ omi, Màmá Alágbàfọ̀ ti ń pe ẹni àkọ́kọ́ lórúkọ ọmọ rẹ̀.

"Fọ́ọ̀mù ẹ ńkọ́?" ni bàbá bi í.

Ó ń so okùn bàtà. Nígbà tó so ó tán, ó fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó jáde.